Èdìdì Pupa Lára Mítà

Òjò àárọ̀ Sátidé ń rọ̀ ní Mgbuoba, ní Port Harcourt, lọ́jọ́ tí Adéjùmọ̀kẹ́ kọ́kọ́ rí i. Ọmọkùnrin gíga kan ló ń gun àtẹ̀gùn ilé Tonye bọ̀. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ funfun nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì ti bọ́ kákí àgùnbánirọ̀ rẹ̀, ó fi we ẹrù kan tó gbá mọ́ àyà bí ìyá ìkókó.

Ẹ̀rín ti ń pa Jùmọ̀kẹ́ kí onítọ̀hún tó wọlé tán.

"Ẹ káàárọ̀ o, kọ́pà. Ọmọ lẹ gbé ni, àbí ẹran?"

"Rédíò ni, mà." Ó rọra gbé e sórí tábìlì. "Bí òjò bá pa mí, màá gbẹ. Èyí ò ní gbẹ."

"Mà? Ta ni mà? Ṣé mo jọ ìyá yín ni?"

Ojú tì í. Ó tú kákí náà, ó fẹ́ wọ̀ ọ́, ó rí i pé ó ti tutù rìnrìn, ló bá tún fi nu orí rédíò. Ibi tó ti ń nu rédíò láì rántí ojú ara rẹ̀ yẹn ni ọkàn Jùmọ̀kẹ́ ti yẹ̀ díẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó gbọ́n kì í tètè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 2003 ni. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Tonye ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rédíò ti máa ń pàdé, àwọn tí ìjọba fún ní àṣẹ láti máa fi rédíò bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, tí wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Tonye fúnra rẹ̀, ará Kalabari, ti fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣe oní-rédíò inú ọkọ̀ ojú omi. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, ó fa éríà gígùn kan, wáyà tí ohùn ń gbà jáde sáfẹ́fẹ́, láti orí òrùlé rẹ̀ dé orí igi àgbọn ẹ̀yìn ilé, ó sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́.

Inú ariwo rédíò ni wọ́n bí Jùmọ̀kẹ́ sí ní tirẹ̀. Bàbá rẹ̀, Pa Adétúnjí, òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó ti tọ́jú wáyà tẹlifóònù ìjọba fún ọdún gbọọrọ, wà nílé ní Ẹdẹ, kò sì sí àárọ̀ Sátidé tí kì í bá Port Harcourt sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Jùmọ̀kẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní Trans Amadi, nílé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn elépo yẹ mítà wò. Mítà tó bá ti ń parọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Á sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó lè ka iye tó tọ́, á fi ọ̀dà di ojú ìdè rẹ̀, súkúrú kékeré tí wọ́n fi ń sẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún un yí, ọ̀rọ̀ ti parí. Tonye a máa pè é ní Madam Calibration. Jùmọ̀kẹ́ máa ń díbọ́n pé orúkọ náà ń bí òun nínú, ṣùgbọ́n ó ń dùn mọ́ ọn dé ọkàn.

Orúkọ kọ́pà náà ni Ọlápàdé, ọmọ Ìkìrun. Ilé-ìwé girama kan ní Isiokpo ni wọ́n fi í sí láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Ó ti tu owó àjẹmọ́nú rẹ̀ jọ, ó fi ra rédíò àlòkù náà. Ẹni tó tà á fún un búra pé ọgọ́rùn-ún wáàtì ló ń tú jáde géérégé. Kò síná tó ṣeé gbọ́kàn lé ní Isiokpo, nítorí náà ilé Tonye ni rédíò náà ń gbé, Ọlápàdé a sì máa wọ bọ́ọ̀sì ojú ọ̀nà Owerri wá bá a ní Sátidé Sátidé.

Kò pẹ́ tó fi yé gbogbo ará ilé pé rédíò nìkan kọ́ ló ń wá bá.

"Kọ́pà mi, o ti tún dé?"

"Àsàkẹ́, ṣé kí n padà ni?"

"Padà kẹ̀! Nígbà tí mo ti fi ẹ̀wà sórí iná."

Oríkì rẹ̀ ló ń pè é, Àsàkẹ́, orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi pè é rí ní Port Harcourt, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ pidgin bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Ó máa ń gbọ́ ọ, inú rẹ̀ á tutù. Ọlápàdé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Bó bá ní òun ń bọ̀ láago mẹ́wàá, aago mẹ́wàá ni. Bí ọbẹ̀ kò bá dùn, á ní, "Ọbẹ̀ yìí ò dùn tó tàná," á sì jẹ ẹ́ tán.

Ọlápàdé mú mítà kan wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, irú àwọn pọ́ọ́kú tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn rédíò kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ lè fi iye wáàtì tó ń jáde hàn.

"Wò ó fún mi, Àsàkẹ́. Mi ò fẹ́ kó máa tàn mí."

Jùmọ̀kẹ́ ti yá mítà gidi kan níbi iṣẹ́, èyí tí owó rẹ̀ tó ra ọkọ̀. Ìgbì méjì ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọ̀nyí ń lò jù: ọ̀kan gùn, ìrọ̀lẹ́ sí alẹ́ ló ń gbé ohùn jìnnà, èkejì kúrú, ojúmọmọ ni tirẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó ti di ìrọ̀lẹ́, orí ìgbì alẹ́ ni rédíò Tonye wà. Jùmọ̀kẹ́ so mítà méjèèjì mọ́ ọn tẹ̀léra tẹ̀léra. Mítà gidi ní ọgọ́rùn-ún. Pọ́ọ́kú ní àádọ́rin. Ó fi súkúrú-díráfà yí ìdè kékeré tó wà nínú pọ́ọ́kú títí tí òun náà fi dé ọgọ́rùn-ún.

Kò sí ọ̀dà ìdè nílé. Ó wá inú báàgì rẹ̀, ó yọ ọ̀dà èékánná jáde, pupa rokoṣo, irú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, ó kán ọ̀kan sójú ìdè.

"Mo ti dì í nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i mọ́."

"Títí láé?"

"Títí láé ni. Ẹni bá ṣí i, èmi àti ẹ̀ ti parí."

Ọlápàdé wo èdìdì pupa náà, ó wo èékánná rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó máa ṣí i."

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó so mítà mọ́ rédíò tirẹ̀ lórí ìgbì àárọ̀. Abẹ́rẹ́ lọ dúró sórí ọgọ́rùn-ún gan-an, bí ẹni tó rántí orúkọ ara rẹ̀. Ó pariwo, ó gbá Tonye mọ́ra. Oníṣòwò kò parọ́ fún un!

Ẹ jọ̀wọ́, ohun kékeré kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ọlápàdé pẹ́ nílùú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì gbìyànjú rédíò náà lórí ìgbì alẹ́. Abẹ́rẹ́ rọ̀ wálẹ̀ sórí márùndínlọ́gbọ̀n. Ó pe Jùmọ̀kẹ́.

"Wò ó. Láàárọ̀ ọgọ́rùn-ún, nísinsìnyí kò ju èyí lọ. Àbí mítà ló ní nǹkan?"

"Mítà kẹ̀? Mítà tí mo fọwọ́ ara mi sẹ́ẹ̀tì?" Ó fà á létí. "Rédíò ẹ ló ti rẹ̀, bíi ti olówó ẹ̀. Gbé e sùn jàre."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n pa rédíò, wọ́n jáde lọ jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹja lẹ́bàá ọ̀nà. Ọjọ́ náà dùn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé, Jùmọ̀kẹ́ mọ̀ pé orí afẹ́fẹ́ ni Bàbá yóò ti fẹ́ kọ́kọ́ pàdé àna rẹ̀. Bàbá kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lójú, ohùn ló ń fi mọ ènìyàn. Ó sì ní àṣà kan: gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ̀rọ̀, á bi í pé wáàtì mélòó ló ń lò, á sì fi ìdáhùn náà wé ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́. Ó ti rí i pé bí ọdẹ ṣe ń sọ ọ̀yà di ẹfọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oní-rédíò kan ń sọ ogún wáàtì di igba. "Ẹni tó bá fi wáàtì parọ́ lónìí," Bàbá á wí, "á fi ìyàwó parọ́ lọ́la."

Jùmọ̀kẹ́ rìnrìn àjò lọ sí Ẹdẹ kó lè jókòó ti Bàbá lọ́jọ́ náà. Àárọ̀ ni, oòrùn wọ pálọ̀ dáadáa. Tonye ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti Port Harcourt, ohùn rẹ̀ kún ilé.

"Good morning, Papa! Our in-law dey here, e dey sweat!"

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n yọ wáyà éríà kúrò lẹ́yìn rédíò Tonye, wọ́n fi í sí ti Ọlápàdé.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi Ọlápàdé ni, sà. Inú mi dùn láti gbọ́ ohùn yín."

Ohùn náà mọ́, ṣùgbọ́n ó fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti Tonye, bí ìgbà tí ẹni tó wà ní pálọ̀ bá bọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Jùmọ̀kẹ́ ì bá má fura. Bàbá ti fura. Ó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ ara rédíò rẹ̀ tó ń fi bí ohùn ṣe lágbára tó hàn. Abẹ́rẹ́ náà ti fi àmì kan ṣoṣo wálẹ̀ sí ibi tó wà fún Tonye.

"O káre, ọmọ mi. Wáàtì mélòó lo ń lò?"

"Ọgọ́rùn-ún, sà. Mò ń wò ó báyìí, ọgọ́rùn-ún géérégé."

Bàbá tún wo abẹ́rẹ́ náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tìwàtìwà, ó ní àwọn yóò tún sọ̀rọ̀, ó pa rédíò. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ọgọ́rùn-ún ni ti Tonye. Ó ní ọgọ́rùn-ún ni tòun náà. Ilé kan náà, éríà kan náà. Mo sì gbọ́ wọn, abẹ́rẹ́ sì fi àmì kan wálẹ̀, ìyẹn ni pé agbára ti dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ohun tí ọmọkùnrin yẹn ń lò ò ju márùndínlọ́gbọ̀n lọ."

"Bàbá mi, bóyá afẹ́fẹ́ ni."

"Láàárín ìṣẹ́jú kan? Àbí mítà rẹ̀ ló bàjẹ́?"

Ẹ wo ọ̀nà tí Bàbá là sílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ, pé ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni Bàbá fọwọ́ kàn yẹn, kò sì ronú rárá kó tó dáhùn.

"Mítà yẹn ò lè parọ́, Bàbá. Èmi ni mo sẹ́ẹ̀tì rẹ̀."

"Ó dáa. Bí mítà ò bá parọ́, ta ló kù?"

Jùmọ̀kẹ́ ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́kàn. Etí Bàbá kò ṣìnà rí. Mítà kò ṣìnà. Ó kù ẹnìkan. Ó rántí pé àlòkù ni rédíò Ọlápàdé, pé ó máa ń gbóná, pé Ọlápàdé máa ń ṣìkẹ́ rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Kò ní ṣòro fún un láti dín agbára rẹ̀ kù kó má bàa jóná, kó wá pe ọgọ́rùn-ún fún àna rẹ̀ kó lè jọ ọkùnrin gidi. Bó ṣe rò ó nìyẹn nínú bọ́ọ̀sì láti Ẹdẹ títí dé Port Harcourt, ìgbà tó fi sọ̀ kalẹ̀, ó ti dá ẹjọ́ náà tán.

Ilé Tonye ló ti bá Ọlápàdé. Ó ti ra ọsàn sílẹ̀ dè é.

"Kí ni Bàbá wí?"

"Bàbá ní irọ́ lo pa. Pé márùndínlọ́gbọ̀n lo lò."

Ẹ̀rín ojú rẹ̀ kú. "Mo rí ọgọ́rùn-ún, Àsàkẹ́. Ojú mi ló rí i."

"Kó o kàn sọ pé o dín in kù. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Bàbá á dárí jì ẹ́. Sọ pé márùndínlọ́gbọ̀n ni, kó tán síbẹ̀."

"Mi ò lè pe iye tí mi ò rí." Ó sún mọ́ ọn. "Ohun kan ni mo bẹ̀ ẹ́. Gbé mítà gidi ibi iṣẹ́ ẹ wá láàárọ̀ ọ̀la. Ká so ó mọ́ rédíò mi, ká wò ó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni."

"Kí n wá yẹ iṣẹ́ ara mi wò? Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún mi lé lórí?"

"Mi ò kọ́ ẹ níṣẹ́. Mò ń bẹ̀ ẹ́ ni."

"Ẹnu tí o fi ń bẹ̀ mí yẹn, fi bẹ ara ẹ kó o sọ òótọ́!"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó.  Tonye tó wà lẹ́nu ọ̀nà fẹ́ dá sí i, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Ọlápàdé yọ mítà kúrò lára rédíò, ó gbé e lé Tonye lọ́wọ́, ó sọ nǹkan kan sí i létí. Lẹ́yìn náà, ó gbé rédíò rẹ̀ mọ́ àyà bó ṣe gbé e wá lọ́jọ́ òjò, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọsàn náà wà lórí tábìlì.

Jùmọ̀kẹ́ retí pé yóò padà ní Sátidé. Kò padà. Ó retí ti èkejì. Ìgbéraga kò jẹ́ kó wọ bọ́ọ̀sì Isiokpo, ọ̀nà tí kò tó wákàtí kan. Ìgbà tó fi máa gbọ́, àwọn kọ́pà ọdún yẹn ti parí ìsìn wọn, Ọlápàdé sì ti kúrò nílùú.

Ọdún ń gorí ọdún. Ọkùnrin méjì wá, ọ̀kan òṣìṣẹ́ báńkì, ọ̀kan ọmọ ìjọ wọn. Inú rere ló fi dá àwọn méjèèjì padà. Wọ́n fi í ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ó ṣíwọ́ kíkun èékánná, kò sì mọ ọjọ́ tó ṣíwọ́ rẹ̀. Ní Ẹdẹ, etí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé sílétì àti ẹfun ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, bó bá di àárọ̀ Sátidé, á tan rédíò rẹ̀, á jókòó tì í, á máa wo abẹ́rẹ́.

Lọ́dún 2013, Tonye fẹ́ kó kúrò ní Mgbuoba lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ gbé. Ó ní kí Jùmọ̀kẹ́ wá wo ohun tó bá fẹ́ mú. Nínú ẹrù, ó fa mítà kékeré kan yọ, ó nu eruku rẹ̀.

"Madam Calibration, na your hand dey this one. Olapade say make I give you the day you go ask of am. I wait taya. You no ever ask."

Èdìdì pupa náà wà níbẹ̀ bó ṣe fi í sí. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Jùmọ̀kẹ́ ní òun fẹ́ tún un yẹ̀ wò.

Ó gbé mítà gidi wá lọ́jọ́ kejì. Ó so méjèèjì mọ́ rédíò Tonye, ó gbé e sórí ìgbì alẹ́ bíi tàtijọ́. Ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì fẹ́ tú wáyà.

"Try am for morning frequency na," ni Tonye wí.

Ó yí i sí ìgbì àárọ̀. Abẹ́rẹ́ pọ́ọ́kú fò, ó lọ gbá ìgbẹ̀yìn ojú rẹ̀, ó dúró gbọnin síbẹ̀. Mítà gidi ṣì ń wí pé ọgọ́rùn-ún. Jùmọ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín agbára rédíò kù, díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ ọ́ wálẹ̀ títí tí pọ́ọ́kú fi wá dúró sórí ọgọ́rùn-ún géérégé. Ó gbójú sókè wo mítà gidi.

Márùndínlọ́gbọ̀n.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn mítà olówó ńlá tó ń fọwọ́ kàn níbi iṣẹ́, ìgbì yòówù kí wọ́n gbé wọn lé, iye kan náà ni wọ́n ń kà. Ti pọ́ọ́kú kò rí bẹ́ẹ̀: bí ìgbì bá ṣe kúrú sí i ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń bu àbùmọ́ sí i. Orí ìgbì alẹ́ ló ti sẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Orí ìgbì àárọ̀ ni Ọlápàdé ti ń wò ó. Ẹni tó ta rédíò ló parọ́. Etí Bàbá gbọ́ òótọ́. Ojú Ọlápàdé rí ohun tó wí pé òun rí. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: nínú gbogbo wọn, ẹni kan ṣoṣo tí Jùmọ̀kẹ́ kò yẹ̀ wò ni Jùmọ̀kẹ́. Ọlápàdé sì ti fi í hàn án nírọ̀lẹ́ ọjọ́ bọ̀ọ̀lì yẹn, òun ló fà á létí, tó ní kó gbé rédíò sùn.

Ó sunkún débi pé Tonye pa rédíò, ó lọ bu omi wá.

"Ṣé ẹ mọ ibi tí Ọlápàdé wà?"

"How I no go know? E come back since. E dey teach for Eliozu."

Eliozu! Gbogbo ọdún wọ̀nyí, bó bá ń ti East-West Road bọ̀ láti òde, iwájú ilé-ìwé rẹ̀ ló ń gbà kọjá.

Ìgbà tí ilé-ìwé jáde ló débẹ̀. Ọlápàdé wà lábẹ́ igi máńgòrò kan, ó ń ti ẹnu báàgì rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ní funfun díẹ̀. Ó rí i, ó dúró.

"Ẹ káàsán, mà."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un. Lọ́jọ́ òjò, ó fi í ṣẹ̀fẹ̀. Lónìí, kò ní ẹnu ẹ̀fẹ̀.

"Ọlápàdé, èmi ni mo jẹ̀bi. Mítà yẹn parọ́. Èmi ni mo fi irọ́ sí i lẹ́nu." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Ọlápàdé gbọ́ ọ tán. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo bẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn."

"Mo mọ̀."

"Mi ò sunkún mítà, Jùmọ̀kẹ́. Ó dùn mí pé ó yá ẹ lára láti gbà pé òpùrọ́ ni mí ju kó o gbà pé o ṣàṣìṣe lọ."

Jùmọ̀kẹ́ ò lè jiyàn. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn, tirẹ̀ sì ti dé, ó ti jókòó. "Kí ló dé tí o ò ṣí i? Físíìsì lo kọ́. O lè yí ìdè yẹn fúnra ẹ, kó o rí òótọ́."

"O ní kí n má ṣí i."

 Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá, wọ́n ń kí olùkọ́ wọn, ó ń dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, ó ní, "Ọmọ mélòó lẹ ti bí?"

"Mi ò lọ́kọ. Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹnìkan wà nígbà kan. Kò débì kan." Ó wo ilẹ̀. "Bàbá ńkọ́? Bí mo bá máa bá ẹ sọ ọ̀rọ̀ kankan, mo fẹ́ kọ́kọ́ bá Bàbá sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ mi ti bàjẹ́."

"Bàbá ò gbọ́ràn mọ́, Ọlápàdé. Etí ti lọ pátápátá."

Ó gbọ́ ọ, ó fi ọwọ́ kan bojú. Èyí ló dùn ún jù nínú gbogbo ohun tó gbọ́ lọ́jọ́ náà. Jùmọ̀kẹ́ sún mọ́ ọn, ó ní, "Ṣùgbọ́n ó ṣì ń wo abẹ́rẹ́."

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni Ọlápàdé ti fa rédíò rẹ̀ yọ. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Tonye, éríà kan náà ṣì wà lórí òrùlé. Jùmọ̀kẹ́ fi ẹnu súkúrú-díráfà ha èdìdì pupa náà kúrò. Ó ṣòroó ha. Ó ti gan mọ́ ọn. Ó sẹ́ẹ̀tì mítà náà lákọ̀tun lórí ìgbì àárọ̀, ó sì ní kí Ọlápàdé wá wò ó fúnra rẹ̀.

"Márùndínlọ́gbọ̀n," ni Ọlápàdé wí. "Èyí, mo rí i. Mo lè pè é."

Sátidé tó tẹ̀lé e, Jùmọ̀kẹ́ tún jókòó ti Bàbá ní pálọ̀ Ẹdẹ. Ó ti kọ gbogbo ìtàn náà sórí sílétì, ó ń kọ, ó ń nù, ó ń kọ. Bàbá kà á láì sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kó tan rédíò.

Tonye kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàbá fi ìka sórí gíláàsì níbi tí abẹ́rẹ́ dé. Wáyà bọ́ síbòmíràn, ohùn tí Jùmọ̀kẹ́ ti ń gbọ́ lójú oorun fún ọdún pípẹ́ sì jáde.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi Ọlápàdé ni, sà. Mo tún padà wá kí yín. Márùndínlọ́gbọ̀n wáàtì ni mò ń lò, sà."

Abẹ́rẹ́ fi àmì kan ṣoṣo rẹlẹ̀ sábẹ́ ìka Bàbá.

"Mélòó ló pè é?" ni Bàbá bi ọmọ rẹ̀.

Jùmọ̀kẹ́ na ìka márùn-ún sí i, nígbà márùn-ún. Bàbá wo abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọlápàdé, èmi Adétúnjí ni. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ, ọmọ mi, etí ti lọ. Ṣùgbọ́n mo rí ọ. Márùndínlọ́gbọ̀n ni, òótọ́ lo sọ. Ti ìjọ́sí náà, òótọ́ ojú rẹ lo sọ. Jọ̀wọ́, dárí jì mí."

 Ohùn Ọlápàdé padà wá.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ má bẹ̀ mí. Bàbá, mo fẹ́ fẹ́ Àsàkẹ́. Ọjọ́ ti lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì gbà, mo fẹ́ fẹ́ ẹ."

Bàbá rí i tí abẹ́rẹ́ ń jó. "Kí ló ń wí?"

Jùmọ̀kẹ́ mú ẹfun. Òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ ọ́! Ó kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ: *Ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi.* Bàbá kà á, ó gbójú sókè wò ó, ẹ̀rín àgbàlagbà sì bọ́ sí i lójú.

"Ìwọ ńkọ́?"

Ó mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. 

"Ọlápàdé," ni Bàbá wí sínú gbohùngbohùn, "ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni."

Inú Jùmọ̀kẹ́ dùn, ó sì bà jẹ́, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ká ní ó ti gba ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn láàyè lọ́jọ́ ọsàn, Bàbá ì bá ti gbọ́ ìbéèrè yìí pẹ̀lú etí ara rẹ̀, nígbà tí etí ṣì wà. Ó nawọ́ láti pa rédíò, Bàbá dì í lọ́wọ́ mú.

"Má pa á. Ní kó máa sọ̀rọ̀ lọ, mo fẹ́ máa wò ó."

Jùmọ̀kẹ́ sọ fún Ọlápàdé. Ọlápàdé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa Eliozu, nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, nípa òjò tó ń ṣú bọ̀ lórí Mgbuoba, nípa ọ̀dà èékánná pupa tí òun fẹ́ lọ rà lọ́jà lọ́sàn-án yẹn. Bàbá sún àga rẹ̀ mọ́ rédíò, ó ń wo abẹ́rẹ́ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Jùmọ̀kẹ́ nìkan ló ń gbọ́.